Ohun Tí Ẹ Ó Rí Nínú Mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Kà Á

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba Jámánì kó 20 nínú àwọn iṣẹ́ ọnà Bìní padà wá sílé. Ní ọdún 2025, ilẹ̀ Nẹ́dálándì náà dá 119 padà. Nígbàkígbà tí irú ìròyìn báyìí bá jáde, ìbéèrè kan náà ló ń tẹ̀lé e láàrin àwa Yorùbá: ti Ifẹ̀ ńkọ́? Àwọn mìíràn a dìde, wọ́n á lọ sí mùsíọ́mù tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, láti fojú ara wọn rí ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n á dé iwájú àpótí dígí, wọ́n á bá orí kan pàdé lójúkojú, wọ́n á ka ìwé péńpé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní yé wọn. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi jáde.

Ẹ̀bi wọn kọ́. Ìwé péńpé yẹn, onímọ̀ ló kọ ọ́ fún onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àlàyé yìí wà kí ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ lè dúró níwájú orí amọ̀ kan, kó mọ ohun tí òun ń wò, kó mọ ìbéèrè tó yẹ kí òun bi amọ̀nà, kó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ní kó má fọwọ́ kàn án.

Kí ni mùsíọ́mù, ta sì ni awalẹ̀pìtàn?

Mùsíọ́mù, tí àwọn kan ń pè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ni ibi tí a ń kó ohun àtijọ́ sí, tí a ń tọ́jú rẹ̀, tí a sì ń fi í han aráàlú. Ti Ifẹ̀ wà lábẹ́ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí jákèjádò Nàìjíríà.

Awalẹ̀pìtàn ni ẹni tó ń walẹ̀ láti fi pìtàn. Ó yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ohun ọ̀ṣọ́ kiri. Ère nìkan ni ẹni tó ń wá ohun ọ̀ṣọ́ ń fẹ́. Awalẹ̀pìtàn ń wá ère, ṣùgbọ́n ó tún ń wá èédú, egungun ẹran, èkùrọ́ jíjó, àpáàdì, títí dé àwọ̀ ilẹ̀ tí gbogbo wọn sùn sí.

Ìdí nìyí tí nǹkan méjì fi wà nínú mùsíọ́mù bíi ti Ifẹ̀: iṣẹ́ ọnà, tí ojú ń wò tí inú ń dùn, àti ẹ̀rí, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ ká mọ bí àwọn tó ti lọ ṣe gbé ayé. Orí idẹ kan lè jẹ́ méjèèjì. Àpáàdì kan lè má lẹ́wà rárá, kó sì jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára ju orí idẹ lọ. Ibi tí wọ́n ti rí nǹkan, àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i, ló ń fún un lóhùn. Bí ìyẹn bá ti sọnù, ẹwà nìkan ló kù. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń kà á lọ, torí gbogbo ohun tó kù, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Kí ni ìwé tó wà lára àpótí ń sọ?

Nǹkan mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀: orúkọ, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ibi tí wọ́n ti rí i, àti ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ má fi gbogbo ara gbé orúkọ. Kò sí ìwé kankan lára àwọn ère wọ̀nyí, nítorí náà “orí ọba” tàbí “orí ayaba” jẹ́ ohun tí àwọn tó rí i tàbí tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ, wọ́n wo adé àti ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ti àwọn tó jáde láti ààfin yàtọ̀. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n tí wọ́n fi bàbà ṣe, àti orí amọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lájúwà, ààfin ni wọ́n wà láti ayébáyé, orúkọ wọn sì ti ẹnu àwọn ará ààfin wá. Ìtàn sọ pé Lájúwà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ ọba, tó fi ara rẹ̀ ṣe ọba lẹ́yìn tí Ọọ̀ni wàjà.

Ọjọ́ orí ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Bí ìwé bá ní “ọ̀rúndún kejìlá”, ọdún 1101 sí 1200 ló ń sọ, kì í ṣe ọdún 1200 sókè. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú nọ́ńbà ọ̀rúndún, ẹ ó mọ bí ọdún rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: ọ̀rúndún kẹrìnlá jẹ́ ọdún 1300 àti díẹ̀. Iṣẹ́ amọ̀ àti ti idẹ tó gbajúmọ̀ jù ní Ifẹ̀ bọ́ sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà náà, ọkọ̀ àwọn Potogí kò tíì gúnlẹ̀ sí etíkun wa, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni.

Ibi tí wọ́n ti rí i ni kí ẹ wò jù. Ẹ ó rí Wúnmọníjẹ̀, Ìta Yemòó, Igbó Olókun, ilẹ̀ Ọbalárá. Bí ẹ bá rí orúkọ bẹ́ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé a mọ ilẹ̀ tí nǹkan náà ti jáde. Bí àyè yẹn bá ṣófo, tàbí tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọwọ́ aṣọ́bodè ni wọ́n ti gbà á, ẹnìkan ló ti wú u láìkọ nǹkan sílẹ̀. Ó lè rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó lè sọ fún wa kò tó nǹkan mọ́.

Amọ̀ ni, idẹ ni, tàbí bàbà?

Àwọn orí idẹ ló wà nínú àwòrán káàkiri, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń rò pé idẹ ló pọ̀ jù ní Ifẹ̀. Amọ̀ ló pọ̀ jù, ó sì fi ibi gbogbo ju idẹ lọ. Àwọn tó mọ ọ́n fi amọ̀ mọ ọba, aláàbọ̀ ara, ẹni tí wọ́n fi nǹkan dí lẹ́nu, àgbò, erin, ẹyẹ òwìwí. Ayé tó wà nínú amọ̀ gbòòrò ju ti inú idẹ lọ. Bí àkókò yín bá kéré, ọ̀dọ̀ amọ̀ ni kí ẹ ti lò ó. Ẹ wo ojú ibi tó ti kán: ẹ ó rí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ amọ̀ náà kó má bàa sán nínú iná.

Àwọn tí wọ́n fi irin àlùmọ́ọ́nì ṣe pín sí méjì. Àwọn kan jẹ́ idẹ, ìyẹn bàbà tí síǹkì àti òjé wà nínú rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà kankan. Méjèèjì jẹ́ ọjà tó ti òkèèrè wá, tí wọ́n gbé la aginjù àti odò kọjá kó tó dé Ifẹ̀, torí náà ìlú tó lówó lọ́wọ́ nìkan ló lè máa yọ́ ọ bí wọ́n ṣe yọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí pé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ojú tí ẹ ó fi wo orí wọ̀nyẹn yóò yí padà.

Asúdẹ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí kan tó kéré díẹ̀ sí èyí tó fẹ́. Ó máa ń po ohun tó lè jóná mọ́ amọ̀ yẹn, bí èédú lílọ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹran, kó lè fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tí atẹ́gùn máa gbà jáde. Bó bá ti gbẹ, á fi ìda oyin bò ó. Ìda yìí kì í nípọn, ìwọ̀n tí idẹ máa nípọn tó ni, ìyẹn mìlímítà bíi mélòó kan. Ara ìda ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́: ìpéǹpéjú, ètè, ìṣẹ́po ọrùn, ilà wẹ́wẹ́ tó wà lójú. Á wá fi amọ̀ tó kúnná bí ẹ̀tù ra ojú ìda náà, ní ìpele lórí ìpele, á jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ, kó tó fi amọ̀ líle dì í pa níta. Ó máa ń fi ìṣó irin gún un láti ìta dé inú. Bí kò bá sí ìṣó yẹn, nígbà tí ìda bá yọ́ jáde, amọ̀ inú á yẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á nípọn, èkejì á tín-ín-rín tàbí kó lu. Ó tún máa ń fi ìda ṣe ọ̀nà tí idẹ máa gbà wọlé àti èyí tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde.

Lẹ́yìn èyí ni iná. Ìda á yọ́ jáde, àlàfo á kù síbi tó wà. Idẹ gbígbóná ni wọ́n á dà sínú àlàfo náà nígbà tí amọ̀ ṣì gbóná. Bí amọ̀ bá tutù jù, idẹ á dì kó tó dé òpin. Bí omi díẹ̀ bá ṣẹ́kù nínú amọ̀, oru á fọ́ ọ mọ́ asúdẹ lójú. Bí afẹ́fẹ́ ò bá rọ́nà jáde, ihò á wà lára iṣẹ́. Nígbà tó bá tutù ni wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta, wọ́n á fi irin gé ọ̀nà idẹ kúrò, wọ́n á fá a, wọ́n á dán an. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ yẹn wúlò, ìda náà sì ti lọ. Torí náà kò sí méjì tó jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀.

Bàbà lásán tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó nǹkan bíi 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́, ó máa ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra bó bá yọ́, kì í sì í ṣàn wọ ibi tóóró bí idẹ tó ní síǹkì. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n tóbi tó ojú ènìyàn, bàbà ni wọ́n sì fi dà á, pẹ̀lú imú, ètè àti etí tó pé. Lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ tó ga jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ irin Ifẹ̀, kì í ṣe torí ẹwà rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe torí pé ẹni tó dà á yan èyí tó le, ó sì ṣe é láṣeyọrí. Ẹ wo ara àwọn orí bàbà dáadáa, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́: ibi tí irin ò dé ni wọ́n ti tún dà lé lórí.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ti tó ọdún 700?

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà.

Èyí àkọ́kọ́ kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ wo àkìtàn ẹ̀yìnkùlé: ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dà síbẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, tòní ló wà lókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ìlú àtijọ́ rí. Awalẹ̀pìtàn á máa bó ilẹ̀ ní ìpele ìpele, á máa kọ ohun tó bá nínú ìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ère àti èédú tó wà ní ìpele kan náà, ìgbà kan náà ni wọ́n sábà máa ń wọlẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá gbẹ́ kòtò ṣáláńgá tàbí kànga gba àárín rẹ̀ kọjá, gbogbo rẹ̀ dàrú, ti ìsàlẹ̀ á wá sókè, ti òkè á já bọ́ sísàlẹ̀. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ifẹ̀, nítorí orí ìlú àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ìlú tòní lé.

Èkejì ni ti èédú. Igi, ẹran àti ènìyàn ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan, tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù-14, wọ ara nígbà tí wọ́n bá wà láàyè. Ohun tó bá ti kú kò gba tuntun mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á sì máa dín kù ní ìwọ̀n tí a mọ̀: lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730, ìdajì á ti lọ. Bí wọ́n bá wọn iye tó kù, wọ́n lè ṣírò ìgbà tí ẹ̀mí kúrò lára igi náà. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé inú igi ńlá ti lè dàgbà gan-an kí wọ́n tó gé e, èédú rẹ̀ á wá fi ọjọ́ orí kún ti ère. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn èkùrọ́ jíjó àti hóró ọkà jù, torí ọdún kan péré ni ìyẹn fi dàgbà. Ọ̀nà yìí ò ṣiṣẹ́ lórí òkúta tàbí irin fúnra wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti amọ̀ sísun. Nínú amọ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ wà, tó ń gba agbára díẹ̀díẹ̀ láti inú ilẹ̀ yí i ká, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Iná tí wọ́n fi sun amọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pa gbogbo agbára àtẹ̀yìnwá rẹ́, kíkà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lónìí, bí wọ́n bá tún mú kí ẹ̀rún kan gbóná, agbára tó ti kó jọ á jáde bí ìmọ́lẹ̀, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà ló sì ń sọ iye ọdún. Ọ̀nà yìí ló wúlò fún orí idẹ pàápàá, torí amọ̀ tí asúdẹ fi ṣe inú rẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀. Ère ọkùnrin tó jókòó, tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí wọ́n rí ní Tádà létí odò Ọya, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà wọn ọjọ́ orí rẹ̀: 1325, pẹ̀lú àlékún tàbí àyọkúrò ọdún 60. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe jù pé àárín ọdún 1265 sí 1385 ni wọ́n dà á. Bí ẹ bá rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ẹ má mú ti àárín nìkan.

Ẹ wá wò ó: ẹni tó bá rí orí idẹ nínú ilẹ̀, tó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ti da ọjọ́ orí rẹ̀ nù pẹ̀lú omi.

Ilà ojú ni, tàbí kí ni? Àwọn ihò yẹn ńkọ́?

Àwọn orí kan ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ojú àwọn mìíràn dán. Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí èyí. Àwọn kan ní ilà tí wọ́n kọ sójú ni. Àwọn kan ní òjìji ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ṣẹ́ sójú ọba láti ara adé ni, ṣùgbọ́n ilà yìí wà lójú àwọn obìnrin àti àwọn tí kì í ṣe ọba náà nínú ère amọ̀, ó sì ṣòro láti fi ìlẹ̀kẹ̀ adé ṣàlàyé ìyẹn. Àwọn kan sì gbà pé ó ń fi ìran tí ẹni náà ti wá hàn, ti àwọn onílẹ̀ tàbí ti àwọn Odùduwà. Bí amọ̀nà bá sọ ọ̀kan fún yín bí ẹni pé ó ti parí, ẹ rántí pé àríyànjiyàn ṣì ń lọ.

Ihò wẹ́wẹ́ tó wà ní etí irun àti yí ẹnu ká fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ ọn ni: adé, irùngbọ̀n, tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó tóbi lọ́rùn wà fún ìṣó tí wọ́n fi ń kàn án mọ́ igi. Frank Willett, tó walẹ̀ ní Ìta Yemòó, gbà pé ara igi ni wọ́n kàn wọ́n mọ́ fún ìsìnkú, bí wọ́n ṣe ń ṣe àkó ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń wọ ère láṣọ bí olóògbé tí wọ́n sì ń gbé e yí ìlú ká. Àwọn mìíràn gbà pé adé àti ohun oyè gidi ni wọ́n ń gbé ka orí wọ̀nyí nígbà ọdún ọba.

Ṣé ojúlówó ni, àbí ojúlówó ti wà ní London?

Ìtàn mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ níbí, ó sì yẹ ká tú wọn.

Ti Bìní ni pé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ohun ààfin lọ nínú oṣù Kejì ọdún 1897. Ìbòjú eyín erin tí wọ́n fi ṣe àmì FESTAC ní 1977, ti Ìyọ́ba Ìdíà, lára ìyẹn ni. Kì í ṣe ti Ifẹ̀.

Ti Olókun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1910, nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, wá walẹ̀ ní Igbó Olókun. Ó rí orí idẹ kan tó ní adé, tí wọ́n wá ń pè ní orí Olókun, ó sì fẹ́ gbé e lọ. Ìjọba amúnisìn gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó kó àwọn orí amọ̀ lọ. Kò gbà pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ló ṣe é, ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló ṣe é. Èédú àti àpáàdì tí wọ́n wú jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi já a nírọ́. Ní ọdún 1949, àwọn onímọ̀ méjì yẹ orí Olókun tó kù ní Ifẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀dà ni, pé inú iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti dà á, wọn ò lo ìda. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ohun tí gbogbo ayé ń sọ nìyẹn. Nígbà tó di 2013, àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ àyẹ̀wò tuntun jáde tó tako ìyẹn, tó sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ìdánilójú sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ń tún ọ̀rọ̀ àná sọ.

Ti Wúnmọníjẹ̀ ló kan àwọn orí tó gbajúmọ̀ jù. Ní 1938 àti 1939, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lágbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, bá orí idẹ àti bàbà pàdé, ó lé ní 15. Ọ̀kan dé London ní 1939, títà ni wọ́n tà á, òun ló wà ní British Museum títí di òní. Méjì tí ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, rà, ó dá wọn padà ní 1950. Ìbẹ̀rù pé ìyókù á tún lọ wà lára ohun tó mú kí ìjọba yan ẹni tó máa bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943, kí òfin tó ká a lọ́wọ́ kò tó jáde ní 1953. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi nípa ọ̀kan tó wà ní London yàtọ̀ sí ti Bìní: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti tà á?

Ohun tó wà nílẹ̀, tí a kì í wò

Ẹ wá àpáàdì tí wọ́n tò. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ máa ń to àpáàdì sílẹ̀ ní ìdúró, etí rẹ̀ lókè, ní oníàrà, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta funfun wẹ́wẹ́, láti fi ṣe ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Wọ́n ń rì ọrùn ìkòkò mọ́lẹ̀ sáàárín àwọn kan, fún omi ètùtù. Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwòó, Ọọ̀ni tó jẹ́ obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Irú ilẹ̀ yìí wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà.

Ẹ tún wá àjákù ìkòkò tí dígí aláwọ̀ búlúù lẹ̀ mọ́ nínú. Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń sọ pé dígí òkèèrè ni Ifẹ̀ kàn ń yọ́ láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá walẹ̀ ní Igbó Olókun láàrin 2010 sí 2012, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àjákù ìkòkò ìyọ́gíláàsì. Àyẹ̀wò fi hàn pé ohun tó wà nínú dígí yẹn kò bá ti Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe dígí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjákù ìkòkò tí ẹni púpọ̀ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá ló jẹ́rìí náà.

Bí ẹ bá ń lọ

Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ ó kéré tán. Owó ìwọlé máa ń yí padà, torí náà ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ mú owó kékeré dání. Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè ohun tó wà ní ìpàtẹ lọ́sẹ̀ náà. Gbogbo iṣẹ́ Ifẹ̀ kọ́ ló wà ní Ifẹ̀: àwọn kan wà ní Èkó, ní Oníkàn, àwọn kan sì lè wà lẹ́yìn odi fún ìpàtẹ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní 2010 nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ sí London.

Ẹ gba àyè kí ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò. Láàrin ọdún 1990 sí 1995, àwọn olè wọ ibẹ̀, wọ́n sì jí orí amọ̀ kó, torí náà ẹ má bínú sí ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ yín. Ìmọ́lẹ̀ fóònù kì í pa amọ̀ tàbí idẹ lára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè jẹ́ kí àwọ̀ aṣọ àti awọ ṣá. Ọwọ́ ló léwu fún idẹ: iyọ̀ inú òógùn á wọ ara rẹ̀, yóò wá di ìpáta aláwọ̀ ewé tó ń jẹ ẹ́ láti inú. Amọ̀ sísun ń fa òróró ọwọ́ mu, kì í sì í jáde mọ́.

Bí ẹ bá mú ọmọdé lọ, ẹ fún un ní ìwé àti pẹ́ńsù, kó ya ojú ẹyọ orí kan ṣoṣo. Yíyà á máa jẹ́ kó rí ihò àti ìṣẹ́po tí àgbàlagbà ò rí.

Àyè ọ̀tọ̀ ni ẹ ó gbà láti wọ ààfin. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta gíga tó tó mítà márùn-ún àti ààbọ̀, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára, kò sí nínú mùsíọ́mù. Ẹ ó rìn dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mìíràn, mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀ ní ohun tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó Láàjà, tí ọwọ́ Ifẹ̀ àti ọwọ́ Bìní pàdé nínú rẹ̀. Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara sì ní ère òkúta rírọ̀ tó lé ní 1,000. 1945 ni wọ́n ṣí mùsíọ́mù ibẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Bí ẹ bá rí nǹkan nínú ilẹ̀ yín ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń kọ́lé ní Ifẹ̀ gidigidi. Ìpìlẹ̀ ilé ló gbé ti Wúnmọníjẹ̀ jáde, àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní 1957 ló sì ṣíṣọ lójú ti Ìta Yemòó, kí àwọn awalẹ̀pìtàn tó dé.

Ẹ dá ọkọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má fà á yọ bí kò bá tíì jáde tán, torí amọ̀ tó ti mu omi ilẹ̀ máa ń fọ́ bí wọ́n bá fà á. Bó bá ti jáde, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ẹ má gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ dànù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ fi rúlà tàbí ohun tí gbogbo ayé mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọn bó ṣe jìn tó láti ojú ilẹ̀. Ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kan náà lé e lórí, kí oòrùn má bàa tètè gbẹ ẹ́ kó sán. Èédú tàbí egungun tó wà nítòsí, ẹ fi sílẹ̀ síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù ní Ẹnuwá.

Òfin ní kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ fún NCMM. Kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ wá a láìgba ìwé àṣẹ, tàbí kó gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ, títà rẹ̀ fún ẹni tí àjọ náà kò fọwọ́ sí sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọ̀gbẹ́ni kan bá ti dé pẹ̀lú owó kí àwọn mùsíọ́mù tó dé, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá, ẹ má gba owó rẹ̀.